Wíǹṣì àfọwọ́ṣe fún katakata kékeré: ta ló ti ṣe é rí?

Àgbẹ̀_ÒkèIgbó

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe wíǹṣì, ẹ̀rọ tí ń fi wáyà fa igi. Mo nílò ọgbọ́n yín kí n tó jó irin tí n kò ní lè tú mọ́.

Bàbá mi gbin tíìkì sí ilẹ̀ wa lẹ́yìn Òkè-Igbó ní ọdún 1998, bíi éékà mẹ́rin. Ó ti tó gé báyìí, ó kéré tán kí a gé àwọn tó ń dí ara wọn lọ́wọ́ kúrò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò, òkè sì ni ọ̀nà tí lọ́rì lè gbà wà. Láti etí odò dé ojú ọ̀nà tó mítà 120. Àwọn ọmọ tí mo gbà ní ọdún tó kọjá fi èjìká gbé e. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n sá lọ. N kò bá wọn wí.

Mo ní katakata kékeré kan, tòkunbọ̀ láti Japan, agbára ẹṣin 27. Ó ní apá mẹ́ta tí a fi ń gbé nǹkan lẹ́yìn, PTO rẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn tí ń yí ẹ̀rọ mìíràn, sì ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan. Mo gbìyànjú láti gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò lọ́jọ́ kan. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mo rọra gbé e padà. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi katakata. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò ó pé kí katakata dúró lókè, kí okùn wáyà lọ bá igi níbi tó wà.

Irin tí mo ní nílé: axle ẹ̀yìn Hiace kan tó pé, pílétì mílímítà 8 láti ara táńkì àtijọ́, àti páìpù nínípọn kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ṣé ó ṣeé ṣe? Tọ́ọ̀nù mélòó ló yẹ kó lè fà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ ra tuntun. Mo ti béèrè iye rẹ̀, mo sì ti kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ọmọ_Onígẹdú

Kí ẹ tó béèrè tọ́ọ̀nù, ẹ wọn igi yín ná. Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ wíǹṣì tọ́ọ̀nù 5 fún igi tí ọkùnrin mẹ́rin lè yí.

Igi tútù, ẹ kà á sí tọ́ọ̀nù 1 fún kúbíìkì mítà kan. Kò ní jìnnà sí òótọ́. Ìtì tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25, tó gùn ní mítà 4, bíi kílò 200 ni. Bí ojú rẹ̀ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, ó di kílò 500. Tí a bá ń wọ́ ìtì nílẹ̀ gbígbẹ, agbára tí yóò gbà jẹ́ bí ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀. Ẹ wá fi ti òkè kún un: bí ilẹ̀ bá ń ga ní mítà 1 nínú mítà 4, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo sí i. Ìtì kílò 500 yẹn, gbogbo rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi kílò 450 sí 460 lọ.

Títí tí yóò fi kọlu kùkùté. Kùkùté ló ń pa wíǹṣì, igi kọ́. Torí kùkùté àti ẹrọ̀fọ̀ ni mo fi sọ pé kí ẹ ṣe é ní tọ́ọ̀nù 2, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Ìwúwo katakata agbára ẹṣin 27 kì í sábà ju tọ́ọ̀nù kan lọ lọ́nà tó jìnnà. Agbára tí ẹ bá kó fún wíǹṣì, òun náà ni yóò gbà á sára.

Jórinjórin_IléOlújì

Àwọn tó kù á sọ̀rọ̀ gíà. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ ibi tí wáyà ti ń jáde, torí ibẹ̀ ni ikú wà.

Bí wáyà bá ń fà láti òkè, bíi láti ẹ̀gbẹ́ apá kẹta tó wà lókè yẹn, tí igi sì há mọ́ nǹkan, wáyà ò ní fa igi mọ́. Katakata ni yóò máa fà. Iwájú rẹ̀ á gbéra, á sì dojú dé ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Kì í pẹ́ tó kí èèyàn fi pe orúkọ ìyá rẹ̀. Púlì tí wáyà ń gbà jáde kò gbọdọ̀ ga ju àárín táyà ẹ̀yìn lọ. Bó bá tiẹ̀ relẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára.

Pílétì mílímítà 8 yẹn, ẹ má fi ṣe ohun mìíràn. Ẹ gé e kí ó fẹ̀ tó ìta táyà méjèèjì, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí ẹ sì jó eyín mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fi apá ẹ̀yìn sọ ọ́ kalẹ̀, yóò gún ilẹ̀. Bí wáyà bá ṣe ń fà ni yóò máa rì sí i. Ilẹ̀ ni ó yẹ kó máa bá igi jà, kì í ṣe bíréèkì katakata yín.

Pín-ìn méjì ìsàlẹ̀ fún irú katakata bẹ́ẹ̀ jẹ́ mílímítà 22, ti òkè jẹ́ 19. Ẹ má fi bọ́ọ̀tì lásán rọ́pò wọn. Mo ti rí bọ́ọ̀tì tó gé bí iṣu sísè. Kí ẹ sì jó àwọ̀n irin dúdú dúró sẹ́yìn ìjókòó, torí wáyà tó bá já kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Bàbá_Gíà

Ọmọ mi, Hiace yẹn dára. Ká ní ti kòròpé lo mú wá ni, màá ní kí o dá a padà síbi tó ti wá. Ọ̀pá inú rẹ̀ tín-ín-rín, yóò lọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń lọ́ aṣọ.

Gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Dífírẹ́ńṣà, gíà tó wà láàárín axle náà, ní ẹsẹ̀ méjì. Bí o bá di ẹsẹ̀ kan mú, gbogbo yíyí rẹ̀ á bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì, á sì yí ní ìlọ́po méjì. Bí o bá tú u, ẹsẹ̀ tí ara tù ni yóò máa yí lásán. Nítorí náà, de agbá wáyà, ìyẹn páìpù rẹ, mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, fi bíréèkì Hiace náà sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì. Tẹ bíréèkì òsì: agbá yí, igi ń bọ̀. Tú u: òsì ń yí fúnra rẹ̀, agbá dúró. O ò ra klọ́ọ̀ṣì kankan. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé bí igi bá há, bíréèkì yẹn ni yóò kọ́kọ́ yọ̀, kí nǹkan mìíràn tó já.

Wá ṣe ìṣirò. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú pinion, ọ̀pá tí agbára ń gbà wọ dífírẹ́ńṣà, yí i, kà iye ìgbà tó yí kí ẹsẹ̀ méjèèjì tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi jẹ́ 4.1. Pín 540 sí 4.1, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, o ní 263. Páìpù rẹ 15, pẹ̀lú wáyà lórí rẹ̀ ká pè é ní 16, ìyípo kan jẹ́ ìdajì mítà. Ìyẹn ni pé igi á máa bọ̀ ní mítà 130 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀kadà nìyẹn, kì í ṣe wíǹṣì.

Fi ṣéènì dín in kù kó tó dé pinion. Gíà eléyín 12 sí ọ̀dọ̀ PTO, eléyín 60 sí ara pinion. 263 yẹn di 53, igi ń bọ̀ ní bíi mítà 27 ní ìṣẹ́jú kan, ìrìn arúgbó tí kò kánjú. Ṣéènì 60 ni kí o lò, èyí tí àlàfo eyín rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ṣéènì ọ̀kadà fún ọ. Á fà fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á fà lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta á nà ọ́ ní pàṣán.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún gùn jù. Gé tùbù rẹ̀ kúrú kí agbá lè súnmọ́ àárín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáyà á máa ká sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀pá inú rẹ̀ ńkọ́? Gbé e lọ fún táná kó gé eyín tuntun sí i. Má jẹ́ kí wọ́n jó o pọ̀. Iná ni wọ́n fi mú irin yẹn le nígbà tí wọ́n ṣe é. Bí wọ́n bá jó o, ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó ló máa ṣẹ́. Jórinjórin_IléOlújì, má bínú sí mi.

Etí kejì agbá, fi béárìn 208 gbé e, èyí tí ọ̀pá mílímítà 40 ń wọ̀. Ọ́ìlì gíà 90 nínú dífírẹ́ńṣà. Ó parí.

Jórinjórin_IléOlújì

N kò bínú, bàbá. Mo ti jó méjì bẹ́ẹ̀ rí. Méjèèjì ló ṣẹ́.

Ẹlẹ́rọ_Ọ̀ṣogbo

Kí ló dé tí ẹ ò lo gíábọ́ọ̀sì worm, tí gíà inú rẹ̀ rí bí ìṣó onísíkírù, irú èyí tí wọ́n ń tú lára ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́? Ó ń dín yíyí kù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì ní jẹ́ kí igi yí padà sẹ́yìn. Wọ́n kún ọjà Ọ̀wọdé Onírin ní Èkó.

Bàbá_Gíà

Òótọ́ lo sọ, kò ní jẹ́ kí ó yí padà. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí o fa wáyà jáde náà. Ìwọ lo máa gbé ìkọ́ lọ bá igi ní ìsàlẹ̀. Ṣé ọwọ́ lo máa fi yí gíábọ́ọ̀sì ni? O ní láti fi ohun tó ń já a kúrò lára agbá sí i, klọ́ọ̀ṣì mìíràn nìyẹn. Ó tún ń jẹ agbára. Ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta tó máa di ooru lásán. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, o lè fi yan ẹ̀pà. Ẹni tó bá ní i lọ́fẹ̀ẹ́, kó lò ó. Ẹni tó ní Hiace nílẹ̀, kó má rà á.

ỌmọÈkìtì_Maine

Ẹ kú iṣẹ́ láti Maine ní Amẹ́ríkà. Níbí, wíǹṣì yìí wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ní igbó díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń rà ni Tajfun, Uniforest àti Krpan láti Slovenia, Igland láti Norway, Farmi láti Finland. Mo ti bá aládùúgbò mi fi ọ̀kan fa igi fún ọdún mẹ́ta. Ẹ má wo ọ̀dà ara wọn. Ẹ wo okùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń lo wíǹṣì kì í jókòó sórí katakata. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, níbi tó jìnnà, ó di okùn kékeré yẹn mú. Bó bá fa okùn, wíǹṣì á fà. Bó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, wíǹṣì á dúró. Bó bá yọ̀ tó ṣubú, bí oyin bá lé e, bí ọmọ kan bá sáré kọjá, ọwọ́ rẹ̀ á bọ́ lára okùn, gbogbo nǹkan á dúró. Sípíríńgì ló máa ń dá léfà, ọ̀pá tí okùn náà so mọ́, padà. Nínú ohun tí bàbá ṣàlàyé yẹn, bíréèkì òsì ni kí ẹ so okùn mọ́. Ẹ má fi igi há léfà náà mọ́lẹ̀ láé, bó ti wù kí ọwọ́ dùn yín tó.

Ẹ ṣe é kí katakata dojú ẹ̀yìn kọ igi tààrà. Bí wáyà bá ń fà láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ náà ni katakata á ṣubú sí. Bí ọ̀nà bá wọ́, ẹ so púlì mọ́ igi tó dúró láti fi yí ojú wáyà, ṣùgbọ́n ẹ wo igi náà dáadáa. Bí wáyà bá lọ tó sì padà sẹ́yìn pátápátá, ohun tí igi yẹn ń gbé jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí wíǹṣì ń fà. Tọ́ọ̀nù 2 yín di 4. Bó bá jẹ́ pé ó yà ní igun bí ti ilé, ó dín sí bíi tọ́ọ̀nù 2.8. Mo ti rí igi tó tú tòun ti gbòǹgbò.

Ìyá_Oníitíìkì

Ẹ kú àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. N kò mọ gíà, ṣùgbọ́n mo ti ta tíìkì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì ti rí ohun tí wáyà ń ṣe.

Ní ọdún kan mo gba àwọn agégi kan. Wíǹṣì wọn wà lára lọ́rì. Ọmọkùnrin kan fẹ́ sọdá, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí wáyà tó ń fà. Kò já o, ó kàn bọ́ lára kùkùté ni, ó ta padà. Egungun ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo fi ń gbé oúnjẹ lọ sí ọsibítù. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ kò dé ibẹ̀. Láti ìgbà náà, ní oko mi, ẹni tó bá sọdá wáyà tó ń fà, iṣẹ́ rẹ̀ tán lọ́jọ́ yẹn, ì báà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó bá dúró sínú ibi tí wáyà ti yà ní igun, òun náà ńkọ́? Bí púlì bá já, ibẹ̀ gan-an ni wáyà máa gbá.

Ohun tó kàn mí láti sọ nípa igi: ẹ gé e kí ìdí rẹ̀ ṣubú kọjú sí òkè, níbi tí katakata wà. Ìdí ló wúwo, òun náà ló yẹ kó ṣáájú. Kí ẹ fi ayùn gé etí ìdí náà yíká bí imú ọkọ̀ ojú omi, yóò máa gun orí ilẹ̀ dípò kó máa wa ilẹ̀. Ẹ̀ka gbọdọ̀ tán lára rẹ̀ pátápátá. Kùkùté kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà, ẹ gé wọn débi tí wọ́n bá ilẹ̀ dọ́gba. Ọ̀sán kan tí ẹ bá fi ṣe ìyẹn á gbà yín lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ilẹ̀ ń dára, àmọ́ ìgbà náà ni tíìkì ń wọ́wé. Ewé gbígbẹ yẹn á ga dé kókósẹ̀. Páìpù èéfín katakata tó gbóná lórí rẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ gbá ibi tí katakata máa dúró mọ́ dé ilẹ̀ pupa, kí ẹ sì gbé omi sí ẹ̀gbẹ́.

Àgbẹ̀_ÒkèIgbó

Ìyá, ẹ ṣé gan-an. N kò rò ti ewé yẹn rárá.

Bàbá_Gíà, ìbéèrè kan: ṣé agbá yìí lè gba mítà 120?

Bàbá_Gíà

Kò lè gbà á, má sì fi dandan lé e. Wáyà mílímítà 10 ni kí o lò, èyí tí inú rẹ̀ náà jẹ́ irin. Ó gbọdọ̀ tó tọ́ọ̀nù 6 kó tó já, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí o fẹ́ fà. Bí agbá bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 18 láti etí dé etí, ìyípo 18 ló gbà ní ìpele kan. Ìpele àkọ́kọ́ gba mítà 9, ìkejì 10, ìkẹta 11, ìkẹrin 12, ìkarùn-ún 13 ó lé díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi mítà 56. Irin ribiti tó dí etí rẹ̀, jẹ́ kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 kí wáyà má fò jáde. Ra mítà 50.

Má sì gbàgbé pé bí wáyà bá ṣe ń ga lórí agbá, agbára rẹ̀ ń dín kù. Èyí tó ń fà tọ́ọ̀nù 2 ní ìpele ìsàlẹ̀ kò ní fà ju 1.3 lọ lókè. Igi tó bá ti há, ìsàlẹ̀ agbá ni kí o fi fà á, ìyẹn ni pé kí wáyà tó pọ̀ jù ti jáde. Ìyípo mẹ́rin gbọdọ̀ ṣẹ́ kù lórí agbá nígbà gbogbo, torí ìyípo yẹn ló ń di wáyà mú, kì í ṣe bọ́ọ̀tì tó wà ní ìdí rẹ̀.

Ọmọ_Onígẹdú

Mítà 120 kò le rárá. Ẹ ní wáyà méjì mìíràn, mítà 40 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ní ojú ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí ẹ so wọ́n pọ̀. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ láti ìdí igi wá sókè, ẹ so wíǹṣì mọ́ orí wọn, ẹ fà. Nígbà tí ojú okùn bá dé ara púlì, ẹ fi òkúta tàbí èèkàn há igi mọ́lẹ̀ kó má baà yí padà, ẹ tú wáyà tó ti dé òkè, ẹ tún gbé ìkọ́ lọ bá èyí tó kù, lẹ́yìn náà igi fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní igbó Olúwa ní ìpínlẹ̀ Òǹdó.

Àgbẹ̀_ÒkèIgbó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Ó ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó burẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń fà. Ẹ wo fọ́tò rẹ̀.

Mo tẹ̀lé ti Bàbá_Gíà ní ojú irin: 12 sí 60, Hiace, agbá 15. Iṣẹ́ táná lórí ọ̀pá ọ̀tún ló gba ọjọ́ tó pọ̀ jù. Mo kọ́kọ́ fi wáyà bíréèkì ọwọ́ Hiace ṣe léfà. Ó ń yọ̀ kí ìtì kílò 200 tó gbéra. Mo yọ ọ́, mo fi mástà klọ́ọ̀ṣì, tí ń fi ọ́ìlì ti bíréèkì, àti ọ́ìlì bíréèkì sí i, léfà gígùn lórí rẹ̀, okùn kékeré ní ìpẹ̀kun rẹ̀, sípíríńgì láti dá a padà. Báyìí ọwọ́ kan péré ti tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bàjẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, igi ń bọ̀, ó dé ìdajì òkè, mo jọ̀wọ́ okùn kí n lè nu ojú mi. Igi yẹn padà! Ó gba ọ̀nà tó gbà wá, ó ń sáré, agbá ń yí ní òdì-kejì, wáyà wá dì bí irun tí wọn ò yà lóṣù mẹ́ta. Mo fi wákàtí méjì tú u. Ọlọ́run ló ní kí ẹnikẹ́ni má wà nísàlẹ̀.

Èkejì, katakata fẹ̀yìn yọ́ tọ igi lọ, bíi mítà kan, kí pílétì tó mú ilẹ̀.

Bàbá_Gíà

Ẹ̀bi mi ni, n kò sọ ọ́ tán. Bíréèkì òsì ń fà, kì í dì mú. Bí o bá tú u, agbá náà ti di òmìnira. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọdọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Ṣé o ju ti ọ̀tún nù?

Àgbẹ̀_ÒkèIgbó

Ó wà nílẹ̀, bàbá. Mo rò pé kò wúlò.

Bàbá_Gíà

Dá a padà. Èyí ni kí o fi wáyà bíréèkì ọwọ́ sí, kí sípíríńgì líle máa fà á mú nígbà gbogbo. Léfà kan náà ni kó máa ṣe méjèèjì: bí o bá fa okùn, ọ̀tún tú díẹ̀ kí òsì tó mú. Bí o bá jọ̀wọ́, òsì tú, ọ̀tún mú. Fi ìkọ́ kékeré kan sí i tí o lè fi tú bíréèkì ọ̀tún nígbà tí o bá fẹ́ fa wáyà jáde lọ bá igi. Àmọ́ má tú u tán pátápátá. Jẹ́ kó wọ́ díẹ̀, kí agbá má baà máa yí fúnra rẹ̀ nígbà tí o bá ti dúró. Ohun tó dì bí irun yẹn nìyẹn.

Jórinjórin_IléOlújì

Ti pílétì: eyín mélòó lẹ jó sí i, báwo ló sì ṣe gùn tó?

Àgbẹ̀_ÒkèIgbó

Mẹ́rin. Bí ìka ọwọ́ mi.

Jórinjórin_IléOlújì

Ìka ọwọ́ kò lè gún ilẹ̀ Òǹdó ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12, kí wọ́n jẹ́ mẹ́fà, kí ẹnu wọn mú, kí ẹ sì jó wọn kí wọ́n tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ igi. Lórí ilẹ̀ líle, ẹ fi ọkọ́ la ojú ibi tó máa bọ́ sí ná. Ẹ kọ́kọ́ fà á jẹ́jẹ́ kí ó rì, kí ẹ tó fún un lágbára.

ỌmọÈkìtì_Maine

Mo rí fọ́tò ìkọ́ yín. Kílíípù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó di ojú wáyà mú lẹ dè sí òdì. Gàárì kílíípù ló gbọdọ̀ jókòó sára wáyà gígùn tó ń gbé ẹrù; irin tó tẹ̀ ni kó wà lára ìrù kúkúrú tó padà wá. Bó ṣe wà yìí, irin tó tẹ̀ yẹn ń fọ́ wáyà tó yẹ kó máa gbé ẹrù. Ẹ yí wọn padà kí ẹ tó fa ìtì kan sí i, kí ẹ sì tún wọn dè lẹ́yìn ìtì àkọ́kọ́, torí wáyà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ bó bá ti gbé ẹrù.

Ìbòrí ọ̀pá PTO ńkọ́? N kò rí i nínú fọ́tò.

Àgbẹ̀_ÒkèIgbó

Kò bá a wá láti Japan. Mo ti ní kí ọmọ kan lọ bá mi wá a.

Ìyá_Oníitíìkì

Kí ọmọ yẹn tó dé, ẹ má ṣiṣẹ́. Ìró aṣọ mi kò gbọdọ̀ wà nítòsí ohun tó ń yí bẹ́ẹ̀, tiyín náà kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀.

Àgbẹ̀_ÒkèIgbó

Ó ti dé, mo ti fi sí i. Bíréèkì ọ̀tún ti wà níbẹ̀, eyín mẹ́fà ti wà, kílíípù ti kọjú síbi tó yẹ. Lánàá a fa ìtì 14 láti etí odò, èmi àti ọmọ méjì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jọ̀wọ́ okùn lẹ́ẹ̀mẹta ní àárín òkè. Igi dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ìtì kan há mọ́ kùkùté tí a gbàgbé láti gé, mo sì gbọ́ tí bíréèkì òsì ń yọ̀, kò sí ohun tó já. A tú u, a fi púlì yí ojú wáyà, ó jáde.

Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé bíréèkì òsì gbóná gan-an ní ọ̀sán. A fún un ní ìsinmi, a jẹun, ó tutù.

Bàbá_Gíà

Bí o bá ń fà á yọ̀ díẹ̀díẹ̀, á gbóná. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tán tàbí kí o tú u tán. Bó bá ń yọ̀ níbi tí igi kò há, wo ọ́ìlì bíréèkì rẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀.

Ìyá_Oníitíìkì

Ọmọ Òkè-Igbó, èló lẹ máa gbà fún ọjọ́ méjì? Èmi náà ní ìtì bíi 30 lẹ́yìn odò, ní ọ̀nà Òǹdó.

Àgbẹ̀_ÒkèIgbó

Ìyá, ẹ ra epo díísẹ́ẹ̀lì sí katakata, kí ẹ sì fún àwọn ọmọ lóúnjẹ. Ẹ bá mi ní kí wọ́n gé kùkùté ojú ọ̀nà sílẹ̀ kí n tó dé. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni màá wá, tí òjò ò bá rọ̀.

Ìyá_Oníitíìkì

Iyán ni wọ́n máa jẹ. Kùkùté ti wà nílẹ̀ láti àná.